Ọ̀fìnkìn ti lọ, ẹsẹ̀ kọ̀ kò gbéra: ìdáhùn sí ìbéèrè yín

Ọyẹ́ mú, ikọ́ sì wọlé tọ ọ̀pọ̀ yín. Àwọn lẹ́tà tó dé láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu àti Ṣábẹ, nílẹ̀ Benin wa níbí, lóṣù yìí jọra: ikọ́ tàbí ọ̀fìnkìn ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àmọ́ orí, imú tàbí ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wá já sí. A ṣa díẹ̀ nínú wọn, a sì gé wọn kúrú. Kí ẹ tó kúrò nílé lọ sí òpítálì, ẹ kọ nǹkan méjì sílẹ̀: ọjọ́ tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀, àti ọjọ́ tí àmì tuntun náà yọ. Àmì tó yọ nígbà tí ara ṣì ń gbóná kì í sábà jẹ́ ọmọ ìyá èyí tó yọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí ara ti tutù. Èyí tó sì ń bá èèyàn gbé fún oṣù mẹ́ta, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Iye ọjọ́ tó wà láàárín ń sọ púpọ̀ fún dókítà kó tó fọwọ́ kan aláìsàn.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì ń wúkọ́, ara rẹ̀ sì gbóná lálẹ́. Ló bá na gan, ojú rẹ̀ yí sókè, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n fún bí ìṣẹ́jú méjì. Màmá ọkọ mi ní gìrì ni, pé kí n fún un ní àgbo ìtọ̀ màálù, kí a sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí iná. Mo kọ̀, wọ́n sì ń bínú sí mi. Ṣé mo ṣàṣìṣe? Ṣé kò ní di wárápá? (Ìyá Àlàní, Wàndó, Àjàṣẹ́)

Ẹ kò ṣàṣìṣe. Màmá náà kò sì purọ́: gìrì ni lóòótọ́. Orúkọ tí wọ́n pè é tọ̀nà, ìtọ́jú rẹ̀ ni kò tọ̀nà.

Gìrì ibà máa ń mú ọmọ láti oṣù 6 sí ọdún 5. Nínú ọmọ 100, bíi 2 sí 5 ló máa ń mú. Kò dìgbà tí fáírọ́ọ̀sì bá wọ inú ọpọlọ. Ìgbóná ara ló ń da ọpọlọ ọmọdé tí kò tíì gbó láàmú, gíríìpù, ìyẹn ọ̀fìnkìn líle, sì wà lára àwọn àìsàn tó ń gbé irú ìgbóná bẹ́ẹ̀ wá. Ó máa ń rìn nínú ìdílé. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ bi màmá léèrè bóyá ó mú bàbá ọmọ náà ní kékeré. Bí ó bá mú un, tó sì dàgbà di ọkọ yín, ìyẹn nìkan lè pa ẹ̀rù ilé. Nínú àwọn ọmọ tó bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, bí ọ̀kan nínú mẹ́ta ni yóò tún ṣe é. Ní ti wárápá, gìrì tó mi gbogbo ara, tí kò pé ìṣẹ́jú 15, tí kò sì tún padà láàárín wákàtí 24, kì í sábà dà á. Bí ọmọ 1 tàbí 2 nínú 100 ni yóò ní in lẹ́yìn ọ̀la, iye yẹn kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ti ọmọ tí gìrì kò mú rí lọ. Kì í ṣe abíkú, kì í ṣe emèrè.

Àgbo ìtọ̀ màálù ńkọ́? Ewé tábà wà nínú rẹ̀, àlùbọ́sà, aáyù, efinrin, ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ òkúta, a sì rẹ gbogbo rẹ̀ sínú ìtọ̀. Oró tábà lè dá èémí ọmọ dúró. Àgbo náà tún máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, bí ṣúgà bá sì já, gìrì tuntun nìyẹn, èyí tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọmọ tí wọ́n fún ní nǹkan mu nígbà tí kò mọ ara rẹ̀ tún lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Iná ẹsẹ̀ kò nílò àlàyé: àpá rẹ̀ máa ń wà lẹ́sẹ̀ ọmọ títí ayé, gìrì náà ì bá sì ti lọ fúnra rẹ̀.

Bó bá tún dé, ẹ tẹ́ ọmọ sílẹ̀ níbi tó tẹ́jú, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ àti èébì lè ṣàn jáde. Ẹ tú aṣọ ọrùn rẹ̀. Ẹ gbé àdògán àti àga kúrò nítòsí. Ẹ má fi ṣíbí ya ẹnu rẹ̀, eyín ló máa ń ká. Ẹ má fi agbára di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ má da omi lé e lórí, ẹ má fún un ní ohunkóhun lẹ́nu títí yóò fi lajú tó sì dá yín lóhùn. Kí ẹnì kan wo aago. Iṣẹ́ aago yìí gan-an ni kí ẹ gbé fún màmá: ẹni tó ń ka ìṣẹ́jú kò ní ráyè dáná. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, bó bá tún bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó jí dáadáa, bó bá jẹ́ apá kan ara nìkan ló ń mì, bí ọmọ kò bá tíì pé oṣù 6, ẹ máa lọ láì dúró. Òpítálì ní oògùn tí wọ́n máa ń fún ọmọ láti ìdí, tó ń dá gìrì dúró láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Nílẹ̀ wa níbí, bí gìrì náà tilẹ̀ tètè lọ, ọmọ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà. Ìdí ni pé ibà pẹ̀lú gìrì lè jẹ́ palu (ibà ẹ̀fọn, malaria) tó ti kan ọpọlọ, ikọ́ kò sì ní kí palu má wà lára ọmọ kan náà. TDR, àyẹ̀wò palu tó yára, kò ju ẹ̀jẹ̀ kán lára ìka lọ, èsì rẹ̀ yóò jáde ní ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ ní kí wọ́n wo ṣúgà ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú. Bí ọmọ kò bá lè mu omi tàbí ọmú, bó bá ń bì gbogbo ohun tó mu, bó bá ń sùn tí jíjí rẹ̀ ṣòro, ẹ sọ ọ́ ní ẹnu ọ̀nà, kí ẹ má tò sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Paracétamol: míligírámù 15 fún kílò kan, ní wákàtí 6 sí 6, kò gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lójúmọ́. Ọmọ kílò 12 yóò gba míligírámù 180. Bí ìgò bá kọ 120 mg/5 ml, mìlílítà 7 àbọ̀ nìyẹn. Ẹ ka ara ìgò, nítorí omi oògùn kan lè nípọn ju èkejì lọ, ṣíbí ọbẹ̀ kò sì jọ ṣíbí ọbẹ̀. Ó ń mú ara tutù, ó ń dín ìnira kù, àmọ́ kò ní kí gìrì má wá. Bó bá wá lẹ́yìn tí ẹ ti lo oògùn, kì í ṣe ẹ̀bi yín.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni ọdún 42, zém (alùpùpù akérò) ni wọ́n ń wà. Gíríìpù dá wọn wó, wọ́n gbádùn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ń já wọn ṣìnkìn-ṣìnkìn. Níjẹta wọn kò lè gun àtẹ̀gùn, lánàá wọ́n wó lulẹ̀, lónìí ọwọ́ wọn kò lè fún ìjánu alùpùpù. Ará ilé ní wọ́n tẹ nǹkan tí ọ̀tá gbé sílẹ̀ ni. (Àbúrò wọn, Kétu)

Ẹ fi ìwé ìròyìn yìí sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbé wọn lọ sí òpítálì. Ẹ lè ka ìyókù lọ́nà.

Àìlera tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ méjèèjì, tó ń gòkè lọ́jọ́ díẹ̀díẹ̀, tó sì tẹ̀lé ikọ́ tàbí ìgbẹ́ gbuuru ní ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin sẹ́yìn, a gbọ́dọ̀ rò ó sí àìsàn Guillain-Barré. Orúkọ àwọn dókítà Faransé tó kọ nípa rẹ̀ lára àwọn sójà ní 1916 ni. Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì ló ń jẹ ẹsẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ti lọ. Àwọn ọmọ ogun inú ara tó lé e ló ṣi ìbora iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ (nerf) mọ́ ọ̀tá, wọ́n wá ń bó o, iṣẹ́ tí ọpọlọ sì ń rán sí ẹsẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ara sábà máa ń yá díẹ̀ kí àrùn yìí tó yọjú, ìdí nìyí náà tí àwọn ará ilé fi ń wá ọ̀tá níta. Rọpárọsẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀: lójijì ló ń dé, láàárín ìṣẹ́jú, ẹ̀gbẹ́ kan ara ló sì máa ń mú.

Ohun tó ń pa èèyàn nínú rẹ̀ kì í ṣe ẹsẹ̀, èémí ni. Bí mẹ́rin bá ní in, bí ọ̀kan yóò nílò ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn mí. Ẹ̀yin náà lè wọ̀n ọ́n nílé: kí wọ́n fa èémí jinlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n máa ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta sókè láì tún mí. Ẹ kọ iye tí wọ́n kà dé. Bí wọn kò bá lè kà dé 20, tàbí bí iye ti òní bá kéré sí ti àná, ewu ti dé. Ohùn tó ń lọọlẹ̀, omi tó ń pá wọn lórí, orí tí wọn kò lè gbé kúrò lórí ìrọ̀rí, ewu kan náà ni. Ẹni tó bá ti rí báyìí, ẹ má gbé e sáàárín èèyàn méjì lórí zém. Mọ́tò ni, kí ó jókòó díẹ̀ kí ẹ sì gbé orí rẹ̀ ró. Ẹ má fún wọn ní ẹ̀bà tàbí omi bí ohun mímu bá ti ń pá wọn lórí.

Ẹ pe òpítálì kí ẹ tó gbéra, ẹ bi wọ́n bóyá ẹ̀rọ èémí wà tó ṣófo. Ó sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n ní Kétu ju kí ẹ mọ̀ ọ́n lẹ́nu géètì ní Àjàṣẹ́, kí ẹ tún wá ọ̀nà CNHU, òpítálì ńlá ìjọba ní Kútọnu, lóru. Dókítà yóò fi òòlù kékeré lu orúnkún; nínú àìsàn yìí, ẹsẹ̀ kì í sábà ta sókè. Wọ́n lè fa omi ẹ̀yìn. Ìtọ́jú rẹ̀ méjì ni: fífọ omi ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ, tàbí immunoglobuline (oògùn tí a yọ láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn) tí wọ́n ń fà sí iṣan ẹ̀jẹ̀, gírámù 0.4 fún kílò kan lójúmọ́ fún ọjọ́ 5. Ó wọ́n gan-an, a kò ní tàn yín. Corticoïde tí gbogbo èèyàn mọ̀ kì í ràn án lọ́wọ́, nítorí náà ẹ má fi owó ṣòfò lé e níta. Àìsàn náà kì í gòkè ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ó ń padà, ó sì ń padà pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́: bí mẹ́rin nínú márùn-ún ni yóò lè dá rìn lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹ máa yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì ní wákàtí méjì méjì kí ẹ̀yìn má bàa jẹrà, ẹ má sì fi omi gbígbóná tẹ ẹsẹ̀ tí kò mọ ìgbóná mọ́.

Fún àwọn òbí: bó bá jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 ni ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ lójijì, òfin ìṣọ́ àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ní kí wọ́n gba ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wákàtí 24 láàárín, kó tó pé ọjọ́ 14 tí ẹsẹ̀ ti rọ. Bí òṣìṣẹ́ ìlera bá gbàgbé, ẹ rán an létí. Bó bá sì jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún sí ìdí nítorí ibà, ẹ sọ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ náà jáde. Abẹ́rẹ́ tó bá iṣan ńlá ìdí lè fa ìyẹn, kò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ikọ́.

Ọmọ mi ọkùnrin, ọdún 7, ń jáde nínú gíríìpù. Ó jí láàárọ̀, ó ní òun kò lè rìn, ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ń dùn ún. (Bàbá kan, Ṣábẹ)

Ẹ tẹ ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà, ní abẹ́ orúnkún. Bó bá pariwo, tó sì ń fi orí ìka rìn nígbà tí ẹ bá mú un dìde, ẹran ara ló wú, kì í ṣe iṣan. Ó wọ́pọ̀ lẹ́yìn gíríìpù, pàápàá oríṣi B, láàárín àwọn ọmọkùnrin tó ń lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti ẹ̀gbọ́n wa ní Kétu ni pé ìrora ló ń dá ọmọ yìí dúró, agbára rẹ̀ wà níbẹ̀. Isinmi, omi púpọ̀, paracétamol. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan yóò tún máa sáré kiri. Ẹ máa wo ìtọ̀ rẹ̀. Bó bá dúdú bí kókà-kólà, ẹ gbé e lọ kíá, nítorí ẹran tó bàjẹ́ ń di ìdọ̀tí sí kíndìnrín.

Ẹja gbígbẹ ni mò ń tà lọ́jà Àjàrá. Kòrónà ṣe mí lóṣù méjì sẹ́yìn, láti ìgbà náà n kò gbóòórùn mọ́. Ọ̀sẹ̀ yìí, kọfí bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí rọ́bà tó jóná. Ṣé ó ń burú sí i ni? (Ìyá ẹlẹ́ja)

Rárá, Ìyá wa, ó lè jẹ́ pé ó ń padà ni. Nínú Kòrónà, àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó ń tọ́jú iṣan òórùn lókè imú ni fáírọ́ọ̀sì máa ń bà jẹ́. Iṣan náà fúnra rẹ̀ a wá di aláìlólùtọ́jú. Iṣan òórùn wà lára àwọn díẹ̀ tó máa ń hù padà. Nígbà tó bá ń hù, ó máa ń ṣi ọ̀nà gbà, kọfí a di rọ́bà, àlùbọ́sà a di ìgbẹ́. Ó burú láti fara dà, àmọ́ àmì pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ ni.

Ẹ lè kọ́ imú padà. Àwọn dókítà tó kọ́kọ́ gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ lo òdòdó róòsì, ewé eucalyptus, ọsàn wẹ́wẹ́ àti kànáfùrù. Ẹ mú mẹ́rin tí ẹ mọ̀ dáadáa láti ìgbà pípẹ́: kànáfùrù, èèpo ọsàn wẹ́wẹ́, atalẹ̀ tí ẹ gún, ewé efinrin. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìgò kékeré tó ní ìdérí. Láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ gbé ọ̀kan sábẹ́ imú fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 20, ẹ máa fín in díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa rántí bó ṣe máa ń rí. Ẹ sinmi díẹ̀, ẹ mú èkejì. Ọ̀sẹ̀ 12 ló kéré jù. Ọ̀pọ̀ ń dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ kẹta nítorí pé wọn kò rí ìyàtọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta kò tíì tó nǹkan kan. Ẹ má lo róbù: ó ń ta imú, ẹ ó sì rò pé òórùn ni. Ẹ má sì kán òróró tàbí àdí sí imú, ó ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Kí ó tó padà, ẹ jẹ́ kí ọmọ ìtajà yín máa gbóòórùn ẹja, kí ẹ sì máa kọ ọjọ́ tí ẹ gbà á. Ẹ má fi ahọ́n wọn iyọ̀ àti màgí, ẹ fi ṣíbí wọ̀n ọ́n, nítorí ẹni tí kò gbóòórùn máa ń bù ú pọ̀ láì mọ̀, ìfúnpá a sì gòkè. Èyí tó ń já wa láyà jù ni epo kpayo, epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń tà nínú ìgò. Bí ìgò kpayo bá wà nínú yàrá tí ẹ ti ń dáná, òórùn ni ẹ fi ń mọ̀ pé ó ń jò. Ẹ gbé e jáde lónìí. Gáàsì náà, ẹ fi omi ọṣẹ pa ẹnu ọ̀pá rẹ̀: bó bá hó, ó ń jò.

Olùkọ́ ni mí ní Ṣábẹ. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn Kòrónà, mò ń gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì mi. Bí mo bá ṣiṣẹ́ oko ní Sátidé, mi ò ní lè dìde ní ọjọ́ Ajé. Ọ̀gá mi ní ìmẹ́lẹ́ ni.

Kì í ṣe ìmẹ́lẹ́. Ó jọ ohun tí wọ́n ń pè ní Covid long, Kòrónà tó pẹ́ lára. Àjọ Ìlera Àgbáyé fún un ní àpèjúwe ní oṣù kẹwàá 2021: àmì tó wà lára ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí Kòrónà bẹ̀rẹ̀, tó ti pẹ́ tó oṣù méjì ó kéré tán, tí a kò rí ohun mìíràn tó fà á. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá ó kéré, ṣúgà, ìfúnpá, ẹṣẹ́ inú ọrùn (thyroïde), palu, àti bí oorun yín ṣe rí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìtọ́jú.

Ti oko Sátidé yẹn, ọjọ́ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ ni ẹ̀san rẹ̀ máa ń dé, ìdí nìyí tí ẹ fi ń rò pé ẹ lè ṣe é. Ẹ ṣe ìdajì ohun tí ẹ rò pé agbára yín gbé, kí ẹ sì dúró kí ó tó rẹ̀ yín. Ẹ jókòó kọ́ ọmọ. Ẹ yẹ ìwé wò fún ìṣẹ́jú 20, ẹ dùbúlẹ̀ fún 10 láì gbé fóònù. Ẹ má lo tramadol kí ara lè le: ó ń fa gìrì lára àgbàlagbà, ó sì ń di bárakú.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé orí fífọ́ yìí kì í ṣe ti gíríìpù lásán?

Ẹ gbìyànjú láti fi àgbọ̀n kan àyà. Bí ọrùn bá kọ̀, bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gún ojú, bí èèyàn bá ń sọ kántankàntan, bí àwọ̀ bá yọ àmì pupa tí kò parẹ́ nígbà tí ẹ bá fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́, àrùn yínrùnyínrùn ni kí ẹ fọkàn sí, òpítálì lójú ẹsẹ̀. Oṣù kejìlá sí oṣù kẹfà ló máa ń jà jù ní àríwá orílẹ̀-èdè wa, àwọn tó ń bọ̀ láti ibẹ̀ sì ń gba Ṣábẹ kọjá. Wákàtí ni a fi ń ka ìyẹn, kì í ṣe ọjọ́.

Ọmọ ọdún 10 ní gíríìpù. Ẹni tó ń ta oògùn lórí àtẹ ní áspírìn ló yára jù. Ṣé ó dáa?

Kò dáa. Áspírìn fún ọmọ tó ní gíríìpù tàbí ilẹ̀-ẹ̀gbóná olómi (varicelle) lè fa àìsàn Reye: ẹ̀dọ̀ bàjẹ́, ọpọlọ wú. Nígbà tí gíríìpù bá ti ń lọ ni ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í bì léraléra, á máa jà, á máa sùn, a sì lè má jí. Ó ṣọ̀wọ́n, ó sì ṣọ̀wọ́n sí i láti ìgbà tí Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ fún àwọn òbí ní 1982. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 16, kó má gba áspírìn àfi bí dókítà bá kọ ọ́. Ẹ ṣọ́ra fún páálí tí kò pe orúkọ náà níwájú. Ẹ yí i sẹ́yìn, ẹ wá ibi tí wọ́n fi lẹ́tà kéékèèké kọ *acide acétylsalicylique* sí. Òun náà nìyẹn.